ORIN ÀNÁ, ORIN ÒNÍ: ÒṢÙWỌ̀N WO NI A FI Ń WỌ̀N WỌ́N?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àríyànjiyàn kan wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn bàbá yín tí kì í tán. Àwọn bàbá ní Hárúnà Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà àti Síkírù Àyìndé Barrister nìkan ni olórin, pé aláriwo lásán ni àwọn tí ẹ̀yin ń gbọ́. Ẹ̀yin náà ń dá wọn lóhùn pé ayé ti yí. Èmi sọ pé ìhà méjèèjì ti gbàgbé òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún àgbà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ojú kan àwo elépìì àtijọ́ lè tó ogún ìṣẹ́jú. Láàárín àkókò yẹn, olórin a júbà, a ṣàdúrà, a pòwe, a pìtàn, a sì kìlọ̀ fún ọ̀lẹ àti ọ̀dàlẹ̀. Èdè Yorùbá kì í há a lẹ́nu. Púpọ̀ nínú orin òde òní kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, gbólóhùn kan náà ni wọn yóò sì máa tún pè títí yóò fi tán. Láti 2007 tí orin "Yahooze" ti gba ìgboro, orúkọ tí a ń pe jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí ọmọ wa ń jó sí. Ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀, etí rẹ̀ ló dí.

Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn àgbà olórin ti bu ọgbọ́n yẹn? Lọ́dọ̀ wa ni. Wéré ni ìyá fújì. Láàárín àwọn ọmọ tí ń kọrin kiri àdúgbò lóru Rámádánì láti jí aláàwẹ̀ sí sáàrì ni Barrister ti jáde. Kí wákà náà tó di orin àríyá, ewì ẹ̀sìn ni ní Ìlọrin. Òun ni àwọn ààfáà fi ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀wé nípa Ọlọ́hun, ikú àti ọjọ́ ìdájọ́.

Kí ni wọ́n wá fi í ṣe? Wọ́n gbé orin tí ń jí ènìyàn sí sáàrì lọ sí òde tí ọtí ti ń ṣàn. Wọ́n ń ki olówó láìbéèrè bí owó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Barrister àti Kollington fi orin bú ara wọn, àwọn ará ìlú sì ń ra èébú náà bí ẹni ra àkàrà. Ilé ọtí ni ìjà ti pa Ọmọwúrà ní Abẹ́òkúta ní 1980. N kò sọ èyí láti bú òkú. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ìdájọ́ gbogbo wa wà. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn tó lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin ní òru àríyá yẹn náà ni wọ́n ń fi ọmọ wọn bú lónìí. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, Davido gbé fídíò orin "Jaye Lo" ti Logos Olori sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ń jó níwájú mọ́sálásí nínú rẹ̀. Mùsùlùmí bínú, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ìbínú náà tọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bínú nígbà tí orin sáàrì fúnra rẹ̀ wọ agbo ọtí?

Òṣùwọ̀n wa wà nínú Súrátù Shu'arâ. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti bá akéwì tí ń sọ ohun tí kì í ṣe wí, tí Ó sì yọ akéwì onígbàgbọ́ oníṣẹ́ rere sílẹ̀. Hassan bin Thabit, akéwì ni, ó sì fi ewì gbèjà Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Nítorí náà, ọjọ́ orí kọ́ ni a fi ń wọn orin. Ẹ béèrè pé: kí ni orin yìí ń jí mi sí? Bí ó bá jí ọ sí ìwà, sí iṣẹ́ àti sí ìrántí Ọlọ́hun, ó yege. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń jí ọ sí, ì báà jẹ́ orin ọdún 1975, kò yege.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ yé fi rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣe ìwà mímọ́. Dípò ẹjọ́ tí ẹ̀ ń rò, ẹ san owó ilé-kéú fún àwọn ọmọ. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní ohùn nínú yín, kí ó lọ jókòó ti àwọn ààfáà tó ṣì mọ wákà, kí ó kọ́ ọ. Kí Rámádánì tó ń bọ̀ tó dé, ẹ kó ara yín jọ ní àdúgbò yín, kí ẹ kọ wéré tí ó mọ́, láìsí ọtí àti láìsí ìkíni nítorí owó. Bí àga olórin rere bá ṣófo, ẹlòmíràn ni yóò jókòó sí i.

Kí Ọlọ́hun tún ahọ́n wa ṣe. Āmīn.