Sàró kú, Sàró tún dé: Ohun tó fa awuyewuye lórí Aníkúlápó

Nígbà tí fíìmù Aníkúlápó jáde lórí Netflix ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, ọ̀pọ̀ òǹwòran ló gbà pé àwọn ti rí òpin ọ̀rọ̀ Sàró. Ahunṣọ ni Sàró, Gbọ̀ngán ló sì ti wá sí Ọ̀yọ́ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ó bá olorì Aláàfin dòwò pọ̀, àṣírí tú, wọ́n lù ú pa, wọ́n gbé òkú rẹ̀ sọ sínú igbó. Ẹyẹ àkàlà ló jí i dìde. Arólákẹ́, olorì tó tìtorí rẹ̀ fi ààfin sílẹ̀, lé ẹyẹ náà lọ, àdó kékeré tí agbára àjíǹde wà nínú rẹ̀ sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Sàró ti ń jí òkú, tí wọ́n ń pè é ní Aníkúlápó. Ó lówó, ó láya púpọ̀, ó sì gbàgbé ẹni tó jẹ́ kó wà láàyè. Nígbà tí ọba ìlú tó wà bẹ̀ ẹ́ pé kó jí ọmọ òun, ó ní àfi bí ọba bá fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún òun. Ó ṣí àdó, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Arólákẹ́ ti tú u dànù, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Bí ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, ọdún 2024, Sàró tún dé. Eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́fà ni Kúnlé Afọláyan fi gbé e padà wá, ó pè é ní Aníkúlápó: Rise of the Spectre. Kúnlé Rẹ̀mí ṣì ni Sàró, Bímbọ́ Adémóyè ṣì ni Arólákẹ́, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé náà sì padà wá gẹ́gẹ́ bí obìnrin olówó tó kọ́kọ́ gba Sàró sílé. Gbogbo ohun tí ojú òǹwòran ti mọ̀ ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà fi pín sí méjì. Inú àwọn kan dùn pé Ọ̀yọ́ tí àwọn fẹ́ràn tún ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn. Àwọn mìíràn ní ṣe ni wọ́n bu omi la ọbẹ̀ tó ti dùn.

Ẹni tó bá gbọ́ àríyànjiyàn náà lóréfèé lè rò pé lórí ìṣeré ni, tàbí lórí aṣọ, tàbí lórí bí wọ́n ṣe fi kọ̀ǹpútà ya àwọn ohun abàmì. Òótọ́ ni pé wọ́n mẹ́nu ba gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ìjà náà wà níbòmíràn. Ohun tí àwọn ènìyàn ń bi ara wọn ni pé: ìtàn tó ti parí, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣí?

Àlọ́ ni Aníkúlápó nínú egungun rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ti jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà rí mọ irú rẹ̀ kó tó dé ìdajì: ẹnìkan rí ohun àrà gbà lọ́wọ́ ẹranko tàbí ẹyẹ, wọ́n kìlọ̀ fún un, ojúkòkòrò kò jẹ́ kó gbọ́, ohun àrà náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìjàpá ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ tó ìgbà àìmọye. Adùn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà nínú bó ṣe ń parí. Bí Sàró ṣe ṣí àdó tó ṣófo, gbogbo ìwà tó ti hù láti ìbẹ̀rẹ̀ ló kó jọ sí ojú kan náà. Ẹni tó sì wá sọ lẹ́yìn èyí pé Sàró ṣì ń bọ̀, ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ òǹwòran. Èyí ni ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí inú wọn kò dùn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bí àwọn kan ti fẹ́ gbà lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ Sàró àti Arólákẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ìta ní ọdún 2022. Ọkùnrin bá obìnrin jà lórí rẹ̀. Àwọn kan dá Sàró lẹ́bi pé aláìmoore ni. Àwọn kan ní obìnrin tó lè fi ọba sílẹ̀, kí ni kò ní lè ṣe fún ahunṣọ? Nínú gbogbo ìjiyàn náà, ohun kan tí tọ̀tún tòsì dìrọ̀ mọ́ ni pé Sàró ti gba èrè iṣẹ́ rẹ̀. Eré tuntun wá ní kí wọ́n máa jiyàn lọ, èrè náà kò tíì pé.

Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ rèé. Sàró dé ọ̀run, wọ́n kò gbà á wọlé. Àwọn tó ti jí dìde jẹ́ ẹni tí ọlọ́jọ́ ti dé bá, tó yẹ kí wọ́n ti kọjá lọ. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ padà wá sáyé láti kó ẹ̀mí àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ẹni tó ń jí òkú tẹ́lẹ̀ ni yóò wá máa mú àwọn tó jí náà lọ.

Kí a sọ òótọ́, èrò tó jinlẹ̀ ni èyí. Yorùbá ti ní ìtàn àkúdàáyà láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹni tó kú sí ìlú kan, tó wá lọ jókòó sí ìlú mìíràn, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ yóò fi rí i lọ́jà, tí yóò sì pòórá. Àkúdàáyà inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ń sá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Sàró ní tirẹ̀ ní láti wá wọn lọ, kí ó kojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú, tí Sàró jí i fún un, tó sì ti bá ọmọ náà jẹun láti ìgbà náà, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ pé ẹni tó jí i ló tún wá mú un lọ? Ìbéèrè yìí nìkan tó fi kún apá mẹ́fà. Ó tó fi yí àwọn tó ń bínú lọ́kàn padà pẹ̀lú, nítorí pé kò fọwọ́ rọ́ òpin àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Ṣe ni ó sọ pé gbèsè náà pọ̀ ju bí a ti rò lọ.

Ibi tí eré náà ti ṣubú ni pé kò dúró ti ìbéèrè náà. Ó yà sí ọ̀nà mìíràn, ó tún yà sí òmíràn. Ìjà agbára láàárín àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ gba ààyè ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ìrìnàjò Arólákẹ́ níbi tó sá lọ, àwọn ènìyàn tuntun sì ń ya wọlé bí èrò ọjà. Ní ìgbà mìíràn, òǹwòran á jókòó pẹ́ kó tó tún fojú kan Sàró, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn. Nígbà tí apá kẹfà sì parí, ọ̀pọ̀ okùn ló ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò so. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà pàápàá kùn lórí èyí.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ààfin kò dára fún eré. Baṣọ̀run àti Aláàfin ti bá ara wọn fa agbára nínú ìtàn gidi débi pé kò sí ẹni tó nílò láti hùmọ̀ tuntun. Baṣọ̀run Gáà nìkan, tí ọwọ́ ìjọba Aláàfin Abíọ́dún tẹ̀ ní ọdún 1774, tó eré tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìtàn ìjòyè kò ní òpin kíákíá. Ìtàn tó ń lọ lọ́dọọdún ni, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n fẹ́. Àlọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe di méjèèjì pọ̀ sẹ́rù kan ni wọ́n ń fara gbún ara wọn.

Àwọn tó ń gbèjà Afọláyan ní ẹ̀rí tiwọn, kò sì ṣe é gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní láti ìgbà wo ni Yorùbá ti ń kọ apá kejì? Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní ọdún 1979, Jáíyésinmi sì tẹ̀ lé e. Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, kò sí fíìmù tí kò ní apá kejì, ó sì lè ní ìkẹta. Òǹwòran á ti sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, wọn á kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n pé kí ó máa retí èyí tó kù. Àwọn ènìyàn a máa ṣépè, wọn a sì tún lọ ra èyí tó kù náà.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ jù lọ ni ti Túndé Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó parí dáadáa pẹ̀lú: ìlù ti ṣe ìdájọ́, ẹni tí kò yẹ lórí oyè ti lọ. Ní ọdún 2002, Agogo Èèwọ̀ mú wọn padà sí Jogbo. Kò sí ẹni tó ní wọ́n ba nǹkan jẹ́, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Agogo Èèwọ̀ kò tún pa ìtàn ìlù náà. Ó béèrè ohun tí àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ láìdáhùn, èyíinì ni pé nígbà tí ọba burúkú bá lọ tán, àwọn ìjòyè burúkú tó kù ńkọ́? Ó dáhùn, ó sì dákẹ́. Kúnlé Afọláyan mọ iṣẹ́ náà láti inú, nítorí pé òun ló ṣe Arẹ̀sẹ̀jábàtà nínú Ṣaworoidẹ. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ni. Kò sí ẹni tó lè ní kò mọ ìdí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò jà lé lórí, òun ni èdè. Yorùbá ni wọ́n fi sọ púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, òwe sì jókòó sí ibi tó yẹ kó jókòó. Ẹni tó bá ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ nìkan ni yóò pàdánù adùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà tó gba ẹnu ìjòyè kan jáde pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ àti ẹ̀gàn, ìsàlẹ̀ lóhùn-ún, gbólóhùn ṣákálá ni wọ́n kọ. Fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí àwọn òbí wọn ń wá ohun tí wọn yóò fi kọ́ wọn lédè, eré bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ohun tó sì ṣọ̀wọ́n ni ènìyàn ń fi ìbínú ṣọ́.

Ìbínú náà ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ọdún 2022 kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà fún ìdíje Oscar ní kò sí ọ̀kan tó yẹ láti rán lọ, bẹ́ẹ̀ Aníkúlápó wà lára ohun tí wọ́n gbé wá síwájú wọn. Ariwo ta, àwọn kan kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí Aníkúlápó wá gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ níbi AMVCA ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó dà bí ẹni pé ìlú ló dá a láre. Ìdí rèé tí ẹni tó bá bu ẹnu àtẹ́ lu eré tuntun fi máa ń dà bí ọ̀tá lójú àwọn kan. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn iṣẹ́ kan kì í jókòó jiyàn lórí rẹ̀ di òru.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ló sì wúwo jù. Eré olówó ńlá ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n mọ tuntun sí Igbójáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti fi ya á, kì í ṣe ohun tí títa kásẹ́ẹ̀tì ní Ìdúmọ̀tà lè gbé. Owó ilé iṣẹ́ òkèèrè ló gbé e, ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ ohun tó máa mú kí oníbàárà tún san owó oṣù tó ń bọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Amazon ti dáwọ́ dúró láti máa náwó sí eré tuntun ní Áfíríkà. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún náà, Afọláyan sọ ní gbangba pé ọwọ́ Netflix náà ń fà sẹ́yìn. Netflix ní òun kò kúrò ní Nàìjíríà.

Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń jà lórí Sàró ń jà lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ wọn. Ẹni tó ra Ṣaworoidẹ ní kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1999 gbé e lọ sílé. Ó lè wò ó lọ́jọ́ tó bá wù ú, ó lè yá aládùúgbò, ó lè fi Agogo Èèwọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó má fi tì í. Ẹni tó fẹ́ràn Aníkúlápó, bó jẹ́ fíìmù àkọ́kọ́ nìkan ló fẹ́ o, bó jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni o, kò ní ohunkóhun lọ́wọ́. Oṣù tí kò bá sanwó, tàbí tí dátà bá tán, Sàró àti Arólákẹ́ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn.