Kool-Aid McKinstry: Ta Ni Ó Ni Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Fún Ọmọ?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ẹgbẹ́ New Orleans Saints ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, ọmọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Alabama ni ẹni 41 nínú gbogbo àwọn tí a yàn ní ọdún náà. Ga'Quincy McKinstry ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ń pè é bẹ́ẹ̀. Kool-Aid ni a mọ̀ ọ́n sí. (Saints, èyí tí í ṣe Ẹni Mímọ́, kì í ṣe orúkọ àìnídìí: ọjọ́ Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ní ọdún 1966 ni a fi ẹgbẹ́ náà fún ìlú New Orleans.)

Àwa Yorùbá a máa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá àgbà McKinstry, ẹnu ọmọ ni ó wò. Ẹ̀rín ọmọ jòjòló náà mú un rántí ìkòkò omi olójú, ẹlẹ́rìn-ín, tí wọ́n fi ń polówó Kool-Aid, ohun mímu aládùn tí Edwin Perkins ṣe ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní 1927. Ìyẹ̀fun ni ó ṣe é, nítorí pé ìgò ohun mímu tí ó ń tà tẹ́lẹ̀ wúwo, ó sì ń fọ́ lọ́nà.

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, cornerback ni McKinstry. Etí pápá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń dúró sí, tí yóò máa tẹ̀lé ẹni tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí bí òjìji. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù kò ní wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tí ń ròyìn eré kò sì ní rí ìdí láti dárúkọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá borí rẹ̀ ni a sábà ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ti ọmọ yìí wà lẹ́nu gbogbo olólùfẹ́ eré.

Ọdún 2021 ni ó wọ Yunifásítì Alabama, ọdún náà sì ṣe pàtàkì. Ọjọ́ pẹ́ tí NCAA, àjọ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti kà á léèwọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ tàbí àwòrán ara rẹ̀ gba owó, nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń rí owó ńlá lórí wọn. Ní 2010, A.J. Green ti Yunifásítì Georgia ta ẹ̀wù tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù ní 1,000 dọ́là, wọ́n sì dá a dúró fún ìdíje mẹ́rin. Ẹ̀wù ara rẹ̀ ni o! Ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2021 ni èèwọ̀ náà kúrò. McKinstry sì bá Kool-Aid ṣe àdéhùn ìpolówó nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

A kò rí ẹ̀bi nínú kí ó jẹ nínú orúkọ tí wọ́n fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ohun tí ń kọ wá lóminú ni pé òfin ìṣòwò ti fi orúkọ kan náà fún ilé-iṣẹ́ kí a tó bí ọmọ náà. Kò lè lò ó fún ọjà títà bí ẹni pé òun nìkan ni ó ni ín, gbogbo ìgbà tí èrò ìwòran bá sì pè é, ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n ń polówó láìgba kọ́bọ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni kò ní orúkọ tí ọlọ́jà kankan yóò sanwó lé lórí. Nítorí irú wọn ni ilé-ẹjọ́ ṣe fọwọ́ sí àdéhùn nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là ní oṣù kẹfà ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí gbà-máà-bínú fún àwọn tí wọ́n ṣeré ní yunifásítì láti 2016. Green ti kúrò ní yunifásítì ṣáájú ọdún náà, kò sì sí nínú wọn.