Ọ̀yà Kì í Ṣe Ọrẹ

Ó ti pẹ́ tí àwa ọmọ Yorùbá ti mọ ohun tí à ń pè ní ènì. Bí obìnrin kan bá lọ ra gààrí ní ọjà, ẹni tí ń tà á yóò kọ́kọ́ wọn kóńgò rẹ̀ kí ó kún, lẹ́yìn náà ni yóò bu ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yìí ni ènì. Inú dídùn ni a fi ń ṣe é. Kò sí òfin tí ó sọ ọ́ di dandan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alágààrí bá wọn kóńgò ní àbọ̀, tí ó sì wí fún oníbàárà pé kí ó fi ọkàn balẹ̀, pé ènì ni yóò dí ìyókù, gbogbo ọjà ni yóò pariwo lé e lórí.

A fi èyí ṣíwájú ọ̀rọ̀ wa nítorí ọ̀ràn kan tí ó kan ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì ti ń yọ́ wọlé tọ̀ wá ní ilé. Ọ̀ràn náà ni ti owó ọrẹ, èyí tí oníbàárà ń fi sí ọwọ́ agbáwo tí ó gbé oúnjẹ fún un, tàbí ẹni tí ó bá a gbé ẹrù ní ilé àlejò. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọ̀gá dín ọ̀yà òṣìṣẹ́ kù nítorí pé àwọn oníbàárà ń ta á lọ́rẹ? Ìdáhùn tiwa ni pé kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1938 ni ó fi ìdí ọ̀yà tí ó kéré jù lọ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ àti ilé àlejò ni kò sí lábẹ́ ààbò rẹ̀. Nígbà tí a mú wọn wọlé ní ọdún 1966, a gba àwọn ọ̀gá wọn láyè láti ka owó ọrẹ mọ́ ọ̀yà, títí dé ìdajì rẹ̀. Láti ọdún 1991 ni iye tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ mú jáde láti inú àpò ara rẹ̀ ti dúró sí dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 13 fún wákàtí kan. Ọ̀yà àwọn òṣìṣẹ́ yòókù gòkè títí ó fi di dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 25 ní ọdún 2009. Ti agbáwo kò gbérí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di òní ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé ní ìlú Houston.

Òótọ́ ni pé òfin náà wí pé bí owó ọrẹ kò bá tó láti dí àlàfo náà, ọ̀gá ni yóò dí i. Ṣùgbọ́n ta ni ń ṣe ìṣirò rẹ̀? Ọ̀gá kan náà ni. Ta ni yóò sì bèèrè? Òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá bèèrè lónìí lè má rí iṣẹ́ ṣe lọ́la ni.

Àṣà yìí kì í ṣe ti òní. Nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, George Pullman, ará Chicago, tí ó ni àwọn ọkọ̀ ojú irin tí a ń sùn nínú wọn, gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú ni. Wọn a máa tẹ́ ibùsùn, wọn a máa nu bàtà, wọn a máa gbé ẹrù. Owó tí kò tó nǹkan ni a ń san fún wọn. Ọwọ́ àwọn èrò ọkọ̀ ni wọ́n ń wò fún ìyókù. Orúkọ wọn pàápàá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí pé "George" ni ọ̀pọ̀ èrò ń pe gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orúkọ olówó pe ẹrú. Ní ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, A. Philip Randolph sì ni olórí wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: lẹ́yìn ọdún 12, ní 1937, ilé iṣẹ́ náà bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ohun tí àwọn ará wa wọ̀nyí ń bèèrè ni ọ̀yà tí ènìyàn lè fi gbé ilé ayé láìṣagbe.

Àwọn ọ̀gá ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí ọ̀yà bá gòkè, owó oúnjẹ yóò gòkè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n oníbàárà ni ó ti ń san owó náà tẹ́lẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó sàn kí a kọ ọ́ sí ojú ìwé, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ohun tí iṣẹ́ náà tọ́ sí. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ agbáwo fẹ́ràn ètò náà bí ó ti wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní ìpínlẹ̀ Maine, àwọn ará ìlú dìbò ní ọdún 2016 láti mú ọ̀yà kékeré náà kúrò. Ní 2017 àwọn aṣòfin dá a padà, àwọn agbáwo sì wà nínú àwọn tí ó bẹ̀ wọ́n, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé oníbàárà yóò dẹ́kun ọrẹ. A kò fi ìbẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bu ọtí fún ọlọ́rọ̀ ní ilé ńlá kọ́ ni ẹni tí ń gbé tíì fún mẹ̀kúnnù ní ìdájí. Ẹni tí kò lágbára ni ó yẹ kí òfin kọ́kọ́ wò. Ìpínlẹ̀ méje ni ó sì wà ní ilẹ̀ náà, California àti Minnesota lára wọn, tí ọ̀gá ti ń san ọ̀yà ní kíkún láìka owó ọrẹ mọ́ ọn. Ilé oúnjẹ kò tán níbẹ̀, ọrẹ kò sì tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, láti oṣù October ọdún 2009 ni ó ti di èèwọ̀ láti fi owó ọrẹ dí ọ̀yà tí òfin là sílẹ̀. Láti oṣù October ọdún 2024 ni ó sì ti di dandan kí ọ̀gá fi gbogbo owó ọrẹ lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

Kí ni ó burú nínú ètò náà gan-an? Ẹ ronú kan alágbàṣe tí a gbà láti kọ igba ebè. Bí èrò ọ̀nà kan bá kí i kú iṣẹ́, tí ó sì fún un ní ẹmu mu, ǹjẹ́ olóko lè yọ owó ẹmu náà kúrò nínú ọ̀yà rẹ̀? Àgbà kan kò ní gbà á. Gbèsè ni ọ̀yà; ọ̀gá ni ó jẹ ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ọrẹ. Ẹni tí a fún ni ó ni ín. Ẹni tí ó bá fi ọrẹ ẹlòmíràn san gbèsè ara rẹ̀ ti gba ohun tí a kò fún un. Bí òjò bá sì rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí oníbàárà kò wá, agbáwo ni ó ń ru òfò ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ tí ń fúnni ni ó máa ń wà lókè: ọmọbìnrin tí owó ilé rẹ̀ wà ní ọwọ́ oníbàárà a máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àbùkù tí ó yẹ kí ó bínú sí.

Ní ilé wa ńkọ́? Òfin tí a tún ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2024 fi ọ̀yà oṣù kan tí ó kéré jù lọ sí ₦70,000, kò sì yọ àwọn tí ń gba ọrẹ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wa wà. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ti ń wí fún ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ pé ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ti ń jẹ. Òwe rere ni ó fi ń bo ìrẹ́jẹ. Àbájáde rẹ̀ wà ní ojú gbogbo wa: ẹni tí ń ta epo ọkọ̀, ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn ilé àlejò, ẹni tí ń ṣọ́ ọkọ̀, gbogbo wọn ń tẹ́wọ́, wọ́n ń ní kí a rántí àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọrẹ, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwà tí ó dára jù lọ tí a jogún, ti di owó ibodè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ilé oúnjẹ àti ilé àlejò, ẹ san ọ̀yà ní kíkún, kí ẹ sì fi ọrẹ sílẹ̀ fún ẹni tí a fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun níbẹ̀, ẹ má dẹ́kun ọrẹ, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí ẹ fún. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kó òfin dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 13 wá sí ilẹ̀ yìí láé. Kí a kọ́kọ́ wọn kóńgò kún. Lẹ́yìn náà ni kí ènì ó tẹ̀ lé e.