Kí Ìyá Ìbejì Tó Relé

Àjò kì í dùn dùn dùn kí onílé má relé. Ọmọ Èjìgbò ni Ìyá Ìbejì, ọdún 28 ló sì ti ń ta aṣọ ní Treichville, ní ìlú Abidjan. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán láti padà sílé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì bi í pé kí ni yóò ròyìn fún àwọn ará ilé nípa Côte d'Ivoire. Ó dákẹ́. Ọ̀nà ilé sí ìsọ̀ nìkan ló mọ̀.

Ìyẹn ló mú kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n wọkọ̀ lọ sí Grand-Bassam.

Ìlú náà kò jìn ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ sí Abidjan. Àárín òkun àti ọ̀sà ló wà. Òun ni àwọn Faransé fi ṣe olú ìlú ní 1893. Ṣùgbọ́n ní 1899, àìsàn ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó pa ọ̀pọ̀ òyìnbó, ìjọba sì kó lọ sí Bingerville. Àwọn ilé àtijọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn kan ti wó, wọ́n tún àwọn mìíràn ṣe. Ní 2012, àjọ UNESCO fi ìlú náà kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Ààfin gómìnà ti di ilé tí wọ́n ń kó aṣọ ìbílẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti pẹ́ jù. Bó ṣe rí aṣọ híhun, ó ní, “Ẹ wò ó, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, bí aṣọ òkè wa.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé afárá tí wọ́n ń pè ní Afárá Ìṣẹ́gun. Ní December 1949, àwọn obìnrin kóra jọ wá láti Abidjan, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹsẹ̀ rìn, láti béèrè àwọn olóṣèlú ẹgbẹ́ PDCI-RDA tí ìjọba Faransé ti tì mọ́lé láti oṣù February. Marie Koré wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Àwọn ṣọ́jà lù wọ́n, wọ́n da omi àti tajútajú sí wọn lára. Wọn kò tú àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè náà kò gbàgbé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, ọmọ Ẹ̀gbá, ní, “Oṣù January ọdún yẹn gan-an ni Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn obìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti.”

Ìyá Ìbejì mi orí. “Ẹsẹ̀ làwọn yìí fi rìn ín. Èmi tó wọ mọ́tò, ọdún 28 ni mo fi débẹ̀.”

Wọ́n jẹ àtíẹ́kẹ́ àti ẹja yíyan létí òkun kí wọ́n tó padà. Nínú ọkọ̀, Ìyá Ìbejì ń ka ohun tó rí sí àwọn ọmọ rẹ̀ létí lórí fóònù, ó ń ṣe é bí ẹni tó ti ń múra ìròyìn ilé sílẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà lájò, iṣẹ́ ò lè tán láéláé. Ẹ wá ọjọ́ kan, kí ẹ mú ọ̀rẹ́ dání, kí ẹ wo ìlú tó gbà yín sílé. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń di ẹrù.