Ta Ló Fún Ọmọ Náà Ní Kọ́kọ́rọ́?

Ẹ̀yin ará, ó ṣọ̀wọ́n kí a ṣe àìsùn kan ní ìlú Ẹdẹ yìí kí a má gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú pópó. Àdúrà dára, kò sẹ́ni tó ní kí a má gbà á. Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣàn láti Òṣogbo dé Gbọ̀ngán, kì í ṣe ẹ̀mí àìrí ló ń ta á sílẹ̀. Àwa àgbà ni. Àwa la fún ọmọdé ní kọ́kọ́rọ́, àwa la ta ọtí fún un, àwa náà la tún ń pè é lórí fóònù nígbà tó ń wakọ̀ lọ.

Ẹ jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí òde ìnáwó pọ̀, ẹ ó rí ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó gbé èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ọtí ń run lẹ́nu rẹ̀. Àgbà ni àwọn tó gùn ún. Kò sí ẹni tó ní kó dúró.

Òfin kọ́ ló kù. Ní ọdún 1977, nígbà tí Ẹdẹ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló ṣaájú nínú dídá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí jàǹbá ọkọ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀. Òfin ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ó ka fóònù àti ọtí léèwọ̀ fún ẹni tó ń wakọ̀. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé jàǹbá ojú pópó ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ káàkiri àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọtí. Wọ́n ní paraga ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń fún awakọ̀ lágbára. Irọ́ ni. Ògógóró tí a rẹ egbò sí, ọtí ni. Ọtí a máa mú kí ojú ṣe bàìbàì, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ràn. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó mu ún yóò máa rò pé òun mọ ọkọ̀ wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tútù, kọfí tàbí epo pupa kò lè lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àfi kí wákàtí kọjá.

Ní oṣù Kejìlá 2018, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí fọwọ́ sí àdéhùn pé ọtí inú ọ̀rá yóò kúrò lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní oṣù Kejì 2024, ariwo sọ pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n sì sún un síwájú di ìparí 2025. Ta ló pariwo nítorí ọmọ tó ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ rà á?

Fóònù ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ tó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré ti fi ojú dídì rin mítà 50. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Awakọ̀ tó gbé ojú lé fóònù, kí ló fi ń ṣọ́ tirẹ̀?

Ẹlòmíràn yóò ní owó tí ọmọ òun ń mú bọ̀ látorí ọ̀kadà làwọn fi ń jẹun. Mo mọ̀ pé nǹkan le. Owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ ìjọba gan-an kì í tó ná. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé ní ilé ìwòsàn, èló la ó fi ra òmíràn? Ẹni tí ọmọ náà bá sì pa, ta ni yóò bọ́ àwọn tó fi sílẹ̀?

Nínú Ẹ́kísódù orí 21, òfin wà lórí màlúù tó máa ń kan èèyàn. Bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò so ó mọ́lẹ̀, tó wá pa èèyàn, ẹ̀bi náà kò mọ sórí màlúù, ó dé orí olówó rẹ̀. Ọ̀kadà àti mọ́tò ni màlúù ìgbà tiwa. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ nídìí sàréè pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì tó wakọ̀. Ẹ̀yin tó ń ta paraga nítòsí géréèjì, tí ẹ sì ń jókòó níwájú nínú ìjọ, ẹ wá òwò mìíràn ṣe. Ẹ̀yin onínàáwó, ẹ fún awakọ̀ ní oúnjẹ, ẹ má fún un ní bíà. Bí ọmọ rẹ bá wà lójú ọ̀nà, má pè é; dúró dìgbà tó bá dé. Bí ọ̀kadà tí o gùn bá ń run ọtí, sọ̀kalẹ̀.

Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Àwa àgbà mọ ibi tí igi yìí ń wó sí. Ẹ jẹ́ kí a gba àdá lọ́wọ́ ọmọ.