Àtè-Àlìkámà: Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan tí Ó Yẹ kí Ó Wúlò ní Ìsọ̀ Ẹran

Àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí kì í sábà rántí ẹni tí ó dúró níwájú fìríìsà ní ilé ìtajà kan ní Ìsọlọ̀, tí ó mú ọ̀rá sọ́séèjì lọ́wọ́, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára rẹ̀. Bí ọmọ onítọ̀hún bá ní àrùn sílíákì, ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò pinnu oúnjẹ alẹ́ ọmọ náà. Bí alárùn yìí bá jẹ èròjà amúaradàgbà kan tí ń bẹ nínú àlìkámà, bálì àti ráì, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dojú ìjà kọ ìfun rẹ̀, oúnjẹ kò sì ní ṣe é lóore mọ́. Kí ó jìnnà sí èròjà náà títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní àrùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó jáde ní 1999 fi hàn pé ó lé ní 5 nínú 100 ọmọ àwọn Sahrawi, ní Áfíríkà níbí, tí ó ní in.

Orúkọ Látìnì ni òyìnbó ń pe èròjà náà: gluten, èyíinì ni ohun tí a fi ń lẹ nǹkan. Yorùbá ní àtè, tí a fi ń mú ẹyẹ. Ẹni tí ó bá ti fọ fúláwà pípò nínú omi títí omi funfun fi dáwọ́ dúró kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé àtè ni ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé àtè ni wàhálà. ‘Àtè-ọkà’ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ewu ni. Ọkà bàbà kò ní in, àgbàdo kò ní in, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé pọ̀ tí ó jẹ́ pé àmàlà ni wọ́n ń pè ní ọkà. ‘Àtè-ìyẹ̀fun’ tún burú jù ú lọ, nítorí yóò lé aláìsàn kúrò nídìí èlùbọ́ àti láfún, oúnjẹ tí kò lè pa á lára. ‘Àtè-àlìkámà’ ló sàn jù. Lóòótọ́, kò dárúkọ bálì àti ráì, ṣùgbọ́n oríkì tí a bá kọ sí ìdí rẹ̀ lè kó wọn mọ́ ọn. Orúkọ tí ó dín díẹ̀ ṣeé fi oríkì tún ṣe. Èyí tí ó fẹ̀ jù yóò ti fi ebi pa ènìyàn kí a tó ka oríkì rẹ̀.

Àwọn atúmọ̀ èdè mìíràn a sì máa kọ ‘ọ̀fẹ́’ sí ẹ̀yìn orúkọ náà, bí ẹni pé ilé ìtajà ń fi àtè ta oníbàárà lọ́rẹ! ‘Aláìní’ ni ó tọ̀nà. Ìlànà Codex ti 1979, tí a tún ṣe ní 2008, gba orúkọ yìí láàyè fún oúnjẹ tí àtè inú rẹ̀ kò bá ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílógíráàmù kan.

Ẹran tútù tí alápatà gé ní Òṣòdì kò ní àtè kankan. Fúláwà tí ó yí ẹran Gala ká kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ti sọ́séèjì, bọ́gà àti ẹran inú agolo ni ó ṣòro, nítorí inú ẹran gan-an ni wọ́n lè po fúláwà tàbí èérún búrẹ́dì mọ́. Hámù tí kò ní nǹkan kan nínú pàápàá lè kó àtè lára ẹ̀rọ tí a fi gé èyí tí a fi èérún búrẹ́dì bò.

NAFDAC, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀ létí títì Òṣòdì sí Àpápá, béèrè pé kí àkọlé oúnjẹ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó mọ ‘wheat’ lè má mọ̀ pé búrẹ́dì gbígbẹ ni ‘rusk’. Nítorí náà, atúmọ̀ èdè tí ó bá ń ṣe ìwé pélébé fún ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ dúró lórí àtè-àlìkámà nìkan. Kí ó kọ ‘rusk’ àti ‘malt’ sí i pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, kí ó sì fi ìbéèrè tí olùtajà yóò gbọ́ kún un: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé fúláwà tàbí búrẹ́dì wà nínú ẹran yìí? Kí ni ẹ ti fi ẹ̀rọ yìí gé ṣáájú?”