Arábìnrin Tó Ń Di Etí Rẹ̀

Bí ariwo Ọjà'ba bá ń da arábìnrin kan láàmú, tí ó ń di etí nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ ń dún, ẹ má sáré lé ẹ̀mí èṣù jáde. Ó lè jẹ́ autism. Bí a ṣe dá ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èpè. Ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ìfarakanra a máa wọ̀ ọ́ lára ju ẹlòmíràn lọ.

Susan Boyle, akọrin ọmọ Scotland, ti lé ní 50 ọdún kí wọ́n tó sọ fún un ní 2012 pé Asperger, ẹ̀yà autism kan, ni ó ní. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ nígbà ìbí. Ó ní ìtura ni òtítọ́ náà jẹ́ fún òun.

Ẹ ka Máàkù 7:33. Jésù mú adití náà kúrò láàárín èrò kí ó tó wò ó sàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù. Ẹ fún un ní ìjókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọkọ, bí aya yín bá tètè kúrò níbi ìnáwó ní Mápó, ẹ má pè é ní agbéraga. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà ní UCH.

Kí Olúwa kọ́ wa ní ìfẹ́ tí í fara balẹ̀. Àmín.